Jẹjẹrẹ ọyàn tó ti dé ẹ̀dọ̀: ṣé kí wọ́n pa ògùn kímò pọ̀ ni, àbí kí wọ́n fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 47, tó ń ta aṣọ ní Sábọ̀ Zaria, ti wà lọ́dọ̀ wa ní Kubwa láti oṣù tó kọjá. Jẹjẹrẹ ọyàn ni. Sikáànù fi hàn pé ó ti dé ẹ̀dọ̀ àti eegun ẹ̀yìn. Dókítà àkọ́kọ́ ní kí a bẹ̀rẹ̀ AC lọ́sẹ̀ yìí, ògùn méjì pa pọ̀ (doxorubicin àti cyclophosphamide). Dókítà kejì ní ká dúró de àbájáde àyẹ̀wò kan ná, pé ọ̀kan ṣoṣo lè tó o. Aládùúgbò wa kan gba ògùn púpọ̀ pọ̀ nígbà tirẹ̀, ara rẹ̀ sì ti yá. Ṣé kì í ṣe pé bí ògùn bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ ká dáhùn ní ṣókí ná, ká tó tú u palẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń mí dáadáa, tí ojú rẹ̀ kò pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, ọ̀rọ̀ dókítà kejì la fara mọ́: ẹ dúró gba àbájáde yẹn. Bó bá jẹ́ pé èémí ti ń há fún un lórí ìjókòó, tàbí ẹ̀dọ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, AC tí dókítà àkọ́kọ́ dárúkọ kì í sì í ṣe àṣìṣe rárá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn dókítà méjèèjì kò ju iye àyè tí ara ẹ̀gbọ́n yín ṣì ní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín kúrò nílẹ̀, torí irú ẹ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́nà. Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kò tíì kúrò nínú ọyàn àti abíyá, wọ́n máa ń fún un ní ògùn púpọ̀ pọ̀: AC lẹ́ẹ̀mẹrin, kí paclitaxel tó tẹ̀lé e, fún àpẹẹrẹ. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí àrùn náà má padà wá mọ́. Láti ọdún 1976, nígbà tí àwọn dókítà ní Milan nílẹ̀ Ítálì gbé àbájáde ògùn mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní CMF jáde, ni ọ̀nà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ìyà oṣù mélòó kan kò pọ̀ jù fún ẹni tó lè rí ìwòsàn pátápátá gbà. Ti ẹ̀gbọ́n yín yàtọ̀. Jẹjẹrẹ tó ti dé ẹ̀dọ̀ àti eegun, ògùn kì í sáàbà fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó ń tẹ̀ ẹ́ rì ni, ó ń mú ìrora rọlẹ̀, ó sì ń fi oṣù tàbí ọdún kún ọjọ́ èèyàn, kí ó lè jẹun, kí ó sùn, kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ó dùn wá láti kọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó fi owó yín àti ara ẹ̀gbọ́n yín ra ohun tí kò sí lórí àtẹ.

Èrò tó wà nídìí pípa ògùn pọ̀ mọ́gbọ́n dání o. Doxorubicin máa ń há sáàárín okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àpèjúwe ara, kò ní jẹ́ kí ó lè dà á kọ. Cyclophosphamide ń so àwọn okùn yẹn pọ̀ mọ́ra wọn. Docetaxel àti paclitaxel ń mú kí àwọn ọ̀pá tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín ara rẹ̀ sí méjì le gbagidi, kí ó má lè pín. Sẹ́ẹ̀lì tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan yóò kó sọ́wọ́ èkejì, bí ẹran tí àwọn ọdẹ dí mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Lóòótọ́, kókó máa ń yára súnkì bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2003, wọ́n pín obìnrin tó lé ní 700 sí ọ̀nà mẹ́ta. Kókó súnkì dáadáa lára ìdá 36 nínú 100 àwọn tó gba doxorubicin nìkan, ìdá 34 nínú 100 àwọn tó gba paclitaxel nìkan, àti ìdá 47 nínú 100 àwọn tó gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka iye oṣù tí wọ́n lò láyé, àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ, torí àwọn tó gba ọ̀kan ṣoṣo ti bọ́ sórí èkejì nígbà tí èkíní kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ara wọn kò sì tú ju ti àwọn tó kù.

Ìwádìí kan yà sọ́tọ̀, òun ni ti ọdún 2002: ìdajì àwọn tó gba docetaxel pẹ̀lú capecitabine, ògùn kímò mìíràn, lò ju oṣù 14.5 lọ láyé, nígbà tí ìdajì àwọn tó gba docetaxel nìkan lò ju 11.5 lọ. Ó yẹ kí a mọ̀, síbẹ̀, pé díẹ̀ nínú àwọn tó gba docetaxel nìkan ló rí capecitabine gbà lẹ́yìn náà, àti pé ìgbẹ́ gbuuru, egbò ẹnu àti àtẹ́lẹwọ́ tó ń bó pọ̀ lára àwọn tó gba méjì. Nítorí náà, ohun tí àwọn tó ń tọ́jú àrùn yìí fẹnu kò lé lórí ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló dára jù, àyàfi tí àrùn bá ń sáré tó fi jẹ́ pé, bí ògùn àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́, kò ní sí àyè fún èkejì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé àyè ti tán? Kì í ṣe nítorí pé sikáànù rí àpá nínú ẹ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní àpá bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ kíkan-kíkan. Ẹ wo àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní LFT, níbi tí wọ́n kọ bilirubin sí, ìyẹn ohun tó ń mú ojú pọ́n. Bó bá ti ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ òpin tí láàbù kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí kò sí òkúta tàbí ohun mìíràn tó dí ọ̀nà òróòro, ẹ̀dọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, ọ̀pọ̀ kì í sì í sọ ọ́ fún ẹbí: àwọn ògùn tó lágbára jù ni ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ kò lè gbé. Bí bilirubin bá ti ju òpin lọ, docetaxel kò yẹ kó wọlé rárá. Bó bá wà láàárín 1.2 sí 3 mg/dl, ìdajì doxorubicin ni wọ́n máa ń fún èèyàn, bó bá ju 3 lọ títí dé 5, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, bó bá ju 5 lọ, wọn kì í fún un rárá. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n yín ní AC lọ́sẹ̀ yìí, kí LFT ọ̀sẹ̀ yìí wà lórí tábìlì, kì í ṣe ti oṣù tó kọjá ní Zaria.

Ó wá kan àyẹ̀wò tí dókítà kejì ń dúró dè. Àyẹ̀wò ohun mẹ́ta ni, ER àti PR (ibi tí họ́mọ́ọ̀nù obìnrin ti ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì) àti HER2 (ohun kan lára sẹ́ẹ̀lì tó ń mú un yára dàgbà), lórí ẹran tí wọ́n gé lára kókó náà. Òun ló máa sọ irú jẹjẹrẹ tí a ń bá jà, ìdí sì nìyí tí a fi ń bẹ yín pé kí ẹ má fò ó nítorí owó. Ó lè gba ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́ kímò pátápátá fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ER tàbí PR bá wà, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, ògùn tó ń dí họ́mọ́ọ̀nù ló sì yẹ kó ṣáájú: tamoxifen 20 mg lójúmọ́, tàbí letrozole 2.5 mg lójúmọ́. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, letrozole nìkan kò ní ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ goserelin 3.6 mg ní ọjọ́ 28-28, tàbí iṣẹ́ abẹ láti yọ ilé ẹyin, gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ribociclib, ògùn oníhóró tí wọ́n ń fi kún un báyìí, wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ béèrè rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 fi í wé kímò onímejì lára àwọn obìnrin tí irú jẹjẹrẹ yìí ń sáré lára wọn gan-an. Ribociclib pẹ̀lú ògùn họ́mọ́ọ̀nù tẹ àrùn náà rì fún nǹkan bí ìlọ́po méjì àkókò tí kímò fi ṣe é. Bí kò bá sí owó rẹ̀, tamoxifen kì í wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ HER2 ló pọ̀, trastuzumab ló yẹ kó wà nínú ìtọ́jú náà, pẹ̀lú docetaxel, àti pertuzumab bí agbára bá ká a. A kì í fún èèyàn ní trastuzumab àti doxorubicin lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ló ń ba ọkàn jẹ́. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irú tó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ nìyẹn, kímò ni ọ̀nà gbòógì.

Ohun tó sábà ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ máa ń ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé láàbù. Ẹran tí wọ́n gé gbọ́dọ̀ wọ inú formalin ìdá 10 nínú 100 kí wákàtí kan tó pé, kí formalin náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má ju 72 lọ. Bí wọ́n bá dà á sínú omi iyọ̀ tàbí spirit, tàbí tó bá wà nínú báàgì awakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láti ìlú kan sí òmíràn, ER lè di «kò sí» níbi tó ti wà. Bí iyèméjì bá wà, ẹ béèrè fún blọ́ọ̀kù, ìyẹn ẹran náà tí wọ́n ti fi sínú àbẹ́là. Ẹ lè gbé e lọ sí láàbù mìíràn, kì í sì í bàjẹ́ nínú ilé.

Ká wá ní wọ́n ti fẹnu kò sórí AC. Wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ lórí bí awọ ara ṣe fẹ̀ tó. Ẹ mú ìga ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ní kílò, ẹ pín in sí 3600, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ (√ lórí ẹ̀rọ ìṣírò). Ẹni tó ga ní 160, tó wọn kílò 62, yóò jẹ́ 1.66 m². Doxorubicin jẹ́ 60 mg fún ẹyọ m² kan, 100 mg ni tirẹ̀, ìgò 50 mg méjì gan-an. Cyclophosphamide jẹ́ 600 mg, 1000 mg ni tirẹ̀. Ẹẹ̀kan ní ọjọ́ 21-21. Ẹ ṣírò rẹ̀ nílé kí ẹ tó lọ ra ògùn. A kì í fi èyí bá dókítà jà, ṣùgbọ́n ẹbí tó mọ iye tó yẹ kó rà ni kò ní ra ìgò mẹ́ta níbi tí méjì tó. Kí wọ́n sì wọn ẹ̀gbọ́n yín ní gbogbo ìgbà tó bá wá, torí ẹni tó ti rù láti 62 sí 54 kò gbọ́dọ̀ máa gba ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀.

Nípa ríra ògùn: ilé oògùn inú ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti rà á bí ẹ bá lè ṣe é, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà bátíìsì àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ sì tọ́jú páálí rẹ̀. Doxorubicin olómi àti trastuzumab, inú fíríìjì ni ibùgbé wọn, láàárín 2 àti 8 lórí tẹmómítà. Bí ẹ bá rà á ní Wuse tí ẹ ń gbé e lọ sí Gwagwalada lọ́sàn-án gangan, kúlà ni kó wà, kí aṣọ inura sì wà láàárín òun àti yìnyín, torí dídì náà ń bà á jẹ́.

Kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, ẹ rí i pé wọ́n ti ṣe ẹ́kò ọkàn, FBC (kíka àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀), àyẹ̀wò kíndìnrín, HIV, àti hepatitis B. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an lọ́dọ̀ wa. Kòkòrò rẹ̀ lè sùn sínú ẹ̀dọ̀ èèyàn fún ọgbọ̀n ọdún láìṣe nǹkan kan, kí kímò àti dexamethasone tí wọ́n ń fún èèyàn pẹ̀lú rẹ̀ wá jí i. Bó bá wà, tenofovir tàbí entecavir lójoojúmọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, láti ṣáájú kímò títí di oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò ní gbé kímò bí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, neutrophil, kò bá tó 1,500, tàbí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kò bá tó 100,000. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí èyí, ẹ má bínú.

Doxorubicin pupa bíi sóbò. Kí nọ́ọ̀sì máa tì í díẹ̀díẹ̀ sínú dírípù tó ń sáré, kí ó má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jò síta iṣan, ó ń jẹ ẹran ara dé eegun. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n yín má mú un mọ́ra: bó bá ta á, bó bá wú, bó bá gbóná lójú abẹ́rẹ́, kí ó ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á dá a dúró, wọ́n á fa èyí tó bá ṣeé fà padà kí wọ́n tó yọ abẹ́rẹ́, wọ́n á sì fi ohun tútù lé e. Ìtọ̀ rẹ̀ yóò pupa fún ọjọ́ kan sí méjì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bó bá pupa lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tó sì ń ta á, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ láti àpò ìtọ̀ tí cyclophosphamide jó, ẹ padà síbẹ̀. Omi lítà méjì sí mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì ló ń dènà rẹ̀, nítorí náà, ààwẹ̀ kò sí nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn. Kí ẹni tó ń da ìtọ̀ tàbí èébì rẹ̀ nù wọ ìbọ̀wọ́ fún wákàtí 48.

Lálì tí àwọn obìnrin wa ń lé lókè ọ̀hún, kí ó fi èékánná sílẹ̀. Àwọ̀ èékánná ni nọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń tán, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka ti ń ka afẹ́fẹ́.

Ní báyìí, ohun tó ń pa èèyàn jù nínú kímò. Láti ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ pátápátá. Àkókò yìí ni kòkòrò lásán lè gbé èèyàn dè, pípa ògùn pọ̀ ló sì ń mú un wálẹ̀ jù. Ẹ ra tẹmómítà. Bí ara rẹ̀ bá dé 38, ẹ má fún un ní Panadol kó lè rọ̀, ẹ má ra ògùn ibà ní kẹ́mísì, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni, lóru náà, kí ògùn apakòkòrò inú iṣan wọlé láàárín wákàtí kan. Wọ́n lè yẹ ibà wò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí apakòkòrò má dúró dè é. Ẹ kọ ọ́ sí bébà kí ẹ fi fún un pé «Mo gba kímò ní ọjọ́ báyìí», kí ó fi han ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, torí níbi tí èrò bá pọ̀, wọ́n á ní kó jókòó dúró bí ẹni tí ibà lásán ń ṣe. Ní àkókò yìí náà, nono tí àwọn Fúlàní ń kiri, wàrà tútù, ewé tí kò jinná àti súyà tó ti sùn mọ́jú kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Fúrá tí ẹ fi omi gbígbóná pò nílé kò burú. Ẹ má fi àgbo kún un. Ẹ̀dọ̀ tó ń gbé jẹjẹrẹ àti kímò kò ní ibi tí yóò gbé àgbo sí.

Owó ló máa ń dá ìtọ́jú dúró lọ́nà. A ti rí i pé bí ọjọ́ 21 bá di ọ̀sẹ̀ méje nítorí àìsówó, àrùn náà ń gbérí láàárín, gbogbo ohun tí ara ti jìyà rẹ̀ sì di asán. Ògùn kan tí ẹ lè rà déédéé títí dé òpin sàn fún ẹ̀gbọ́n yín ju méjì tí yóò dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ béèrè nípa Cancer Health Fund ìjọba àpapọ̀, ó kan jẹjẹrẹ ọyàn, National Hospital l'Abuja àti ABUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re inú ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ tó ra ìgò kan, torí ètò náà gba àkókò. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ìkẹta, sikáànù. Bí kókó bá ń dàgbà, kí wọ́n yí ògùn padà. Kò sí èrè nínú píparí mẹ́fà nítorí pé mẹ́fà ni wọ́n kọ.

Ó ku eegun ẹ̀yìn. Zoledronic acid 4 mg, tí wọ́n ń sọ sínú iṣan fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, ń dín fífọ́ eegun kù. Kí oníṣègùn eyín yẹ ẹnu rẹ̀ wò ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dùn ún lóru ju ọ̀sán lọ, tí ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tàbí tí kò lè tọ̀, okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni àrùn ń fún mọ́lẹ̀. Dexamethasone àti ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) tàbí iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ yára, láàárín ọjọ́ kan, kí ẹsẹ̀ má bàa kú pátápátá. Kímò nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí wọ́n pa á pọ̀ tó.

Bí ara rẹ̀ bá wá balẹ̀ tó fẹ́ padà sílé rẹ̀ ní Sábọ̀, ABUTH ní Ṣíkà súnmọ́ ọ dáadáa, kì í ṣe dandan kó máa bọ̀ l'Abuja ní gbogbo ọjọ́ 21. Kí ó mú lẹ́tà dání tí wọ́n kọ orúkọ ògùn sí, iye mg, ọjọ́ tó gbà wọ́n, nọ́ńbà blọ́ọ̀kù, àti àpapọ̀ doxorubicin tó ti gbà. Ẹẹ̀mẹrin AC jẹ́ 240 mg fún ẹyọ m² kan, ìlà tí ọkàn kò yẹ kó kọjá sì bẹ̀rẹ̀ láti 450. Ẹni tí kò bá rí nọ́ńbà yìí nínú lẹ́tà yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo.